Ẹ̀jẹ̀ Mi Kò Burú Tó

Ìdó-Ilé-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
10 Oṣù Kẹta, 1993.

Ayọ̀bọ́lá ọmọ mi,

Báwo ni Kàdúná? Oòrùn ibẹ̀ ńkọ́, àti iṣẹ́? Mo mọ̀ pé Olúwa kò gbàgbé rẹ níbẹ̀, torí èmi náà kì í jẹ́ kó gbàgbé, àràárọ̀ ni mo ń dárúkọ rẹ fún un. Gbogbo wa la wà dáadáa nílé. Gbogbo wa tí mo wí yìí, èmi àti adìẹ mẹ́ta ni.

Ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí o fi rán Bùnmi ọmọ àlùfáà ìjọ wa sí mi, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ìgbà díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé rédíò ni, mo wá ibi tí wọ́n ti ń yí i títí. Mo máa ń kí i láàárọ̀ kí n tó gún ìka, torí kò dáa kí èèyàn máa bẹ ẹni tí kò kí níṣẹ́. Kò dáhùn rí, àmọ́ ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tó jẹ́ pé òun nìkan ni mo ń rí kí, màá sọ ohun tó fà á fún ẹ.

O kọ ọ́ pé ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀fun mi kọjá láti alẹ́ títí mo fi máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo wá rò ó pé itọ́ ńkọ́, ṣé ọ̀fun kọ́ ni òun náà ń gbà ni? Nítorí náà, bí mo bá ti jí, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa tutọ́ síta títí màá fi ṣe é tán. Ni Mákindé tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa bá ní òun ni mò ń tutọ́ sí. O sì mọ̀ pé òun ló máa ń bá mi jẹun láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ. Kò wá mọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé itọ́ ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ni, ó ní kí n máa lọ sí ulé mi. Iyán kì í dùn lẹ́nu ẹni tó ń dá a jẹ, Ayọ̀bọ́lá. Bí mo bá ń gún un, ojú máa ń tì mí pé ará àdúgbò á gbọ́ bí odó ṣe ń yára dákẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò wá ràn mí lọ́wọ́. O ní bí nọ́ńbà bá ti kọjá igba, kí n ránṣẹ́, pé lọ́jọ́ kejì ni o máa wọkọ̀ wálé. Kérésìmesì méjì ti kọjá tí mi ò fojú kàn ẹ́, nítorí náà tìtara-tìtara ni mo fi ń gún ìka. Nítòsí ọgọ́rùn-ún ló ń wà ṣáá. Nọ́ọ̀sì Christiana tó wà ní dísípẹ́ńsárì sọ pé ó dára púpọ̀, kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́, àmọ́ inú mi kò dùn.

Sátidé tó kọjá, wọ́n sọ ọmọ ọmọ Mákindé lórúkọ. Èmi ni mo dàgbà jù ládùúgbò, kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é láìpè mí, bó ti wù kó máa bínú tó. Èmi ni mo fi ìka kan oyin sọ́mọ lẹ́nu, tí mo sì ṣàdúrà fún un. Mi ò tọ́ ọ wò o, torí mi ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, mo yára wálé, mo gún ìka. Nọ́ńbà tó jáde lé ní ọ̀ọ́dúnrún.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, inú mi dùn. Mo gbá yàrá rẹ, mo sá bẹ́ẹ̀dì rẹ sóòrùn, mo lọ sọ fún Mákindé pé ẹ̀jẹ̀ mi ti bàjẹ́, o ń bọ̀ wálé. Ó gbàgbé ìbínú, ó dì mọ́ mi, a sì jọ jẹ iyán lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ Mọ́ńdé ni mo gbé ẹ̀rọ lọ fi han Nọ́ọ̀sì. Ó ní ṣé mo fọ ọwọ́. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ, ó gún ìka, nọ́ńbà sì padà sí ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀. Ó ní oyin ara ìka mi ni ẹ̀rọ kà lọ́jọ́ Sátidé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gún ìka mìíràn, bóyá ìyẹn á ṣe dáadáa. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí ara òun má yá.

Mákindé ní kí n má wí nǹkan kan, kí n jẹ́ kó o wá ná. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o fi ẹkún wọ mọ́tò láti Kàdúná nítorí oyin. Ara mi le, ọmọ mi. Àárò rẹ ló ń sọ mí, ẹ̀rọ yẹn kò sì ní nọ́ńbà fún un.

O ti mọ̀ pé n kì í kọ̀wé kí n má béèrè owó. Owó mọ́tò ni mò ń béèrè lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ má fi rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi wọkọ̀. Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, pàápàá jù lọ, àbọ̀ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Timothy Ìbíkúnlé.