Ìwé Ìbéèrè Tí Mo Gbé Wálé

Bàbá mi, olùfẹ́ mi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ oko,

A sọ ọmọ mi lórúkọ láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin ni. Ó gùn, ó pupa, etí rẹ̀ sì ni etí yín gan-an, kò sí àní-àní. Ó yẹ kí inú mi máa dùn. Àwọn èèyàn ṣì wà lóde tí wọ́n ń jẹ iyán, ìyàwó mi sì ti ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mo ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, mo ń kọ̀wé sí yín, nítorí ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún. Láti ọjọ́ tí oyún náà ti hàn ni ẹ̀rù kan ti ń bà mí: ṣé ilé wa á gba ọmọ yìí ní ọmọ wọn? Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ jáde, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e sínú.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ sìn mí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga? Ẹ ru àpótí mi, ẹ kò jẹ́ kí n gbà á títí a fi kọjá odò, ẹ ní ọwọ́ tó fẹ́ di kálàmù mú kò gbọdọ̀ le. Gbogbo ẹni tí a pàdé lọ́nà lẹ ń sọ fún pé ọmọ yín ń lọ kọ́ ohun tí òyìnbó mọ̀. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń pè mí ní Tíṣà, kí n tó di tíṣà rárá. Bí mo bá wá sílé tí mo ń kàwé lọ́wọ́, ẹ ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, bí ẹni pé ààfin lẹ ń wọ̀. Ẹ ó gba ìwé náà, ẹ ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó máa mi orí, ẹ ó ní ó dùn. Ẹ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, olùkọ́ wa òyìnbó mú ẹ̀kọ́ tuntun kan dé. Ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ènìyàn ni: bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ nínú agbo ilé kan, ẹni tó ń fún ẹni nílẹ̀, ẹni tó ń jogún ẹni, ẹni tí a kì í fẹ́. Bàbá, ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àáró tí ẹ̀yin àti Bàbá Àjàyí ará ilé wa ń ṣe, tí ẹ ó ro oko rẹ̀ lónìí tí òun náà á wá ro tiyín lọ́la, jẹ́ ohun tí èèyàn lè jókòó kọ́ bí ẹni ń kọ́ ìṣirò. Ó wá dà bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ilé wa. Olùkọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ìwé kan àti ogójì ìbéèrè. Bí a bá délé nígbà ìsinmi, kí a bi àwọn àgbà wa, kí a kọ gbogbo ohun tí a bá gbọ́, kí a má fi ohunkóhun pamọ́, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń fi nǹkan pamọ́, irọ́ ló ń kọ.

Mo gbé ìwé náà wá sílé ní Ìlọfà, mo sì yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Ìyá Àgbà, ìyàwó tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa, ní irú ọmọ wo nìyí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́ọ̀pá. Ẹ̀yin nìkan ni kò sú. Lọ́jọ́ tí a ń kọ ebè, ẹ sun iṣu ní ahéré, ẹ bu epo sí i, mo sì bi yín ní ìbéèrè kẹta: ta ló kọ́kọ́ tẹ ilé yìí dó, báwo la sì ṣe tan mọ́ ọn? Ẹ jẹ iṣu yín tán. Ẹ fi ewé nu ọwọ́. Ẹ wá sọ fún mi pé bàbá yín kì í ṣe ọmọ bíbí ilé yìí. Ogun Tápà ló lé e dé, ọmọ kékeré ni, ìlú rẹ̀ sì ti di ahoro. Bàbá ńlá Bàbá Àjàyí ló rí i nínú igbó, ló gbé e wálé, ló kọ ilà ilé fún un, ló fún un ní oko, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo agbo ilé pé ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì júwe ọmọ náà, olúwarẹ̀ ni yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Gbogbo ilé ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ẹ ní mo ti dàgbà tó ẹni tó yẹ kó gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn.

Mo sì sá a, Bàbá. Kí a tó padà sórí ebè ni mo ti kọ ọ́, odindi ojú ìwé méjì. Olùkọ́ ní kò sí ìwé tó dára tó tèmi nínú kíláàsì. Èmi ni mo gba ipò kìíní, mo sì kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ lè yọ̀. Wọ́n ní ẹ ń gbé lẹ́tà náà kiri ọjà ni, ẹ ń fi han àwọn tí kò mọ̀wé kà bíi tiyín. N kò mọ̀ pé olùkọ́ mi ti yá ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ní ìwé mi. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ajẹ́lẹ̀ náà sì fẹ́ràn láti mọ ìdí ilé onílé.

Nígbà tí olórí ilé wa kú, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù lọ́kùnrin, Bàbá Àjàyí ló tẹ̀lé yín. Kò sí ẹni tó fẹ́ bá yín du ipò náà. Wọ́n tilẹ̀ ti ra obì. Bí kì í bá ṣe pé ayé òyìnbó la wà, tí ajẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí olórí ilé tó di olórí, ẹ̀yin ì bá ti jókòó. Ajẹ́lẹ̀ dé, ó ṣí ìwé, ògbufọ̀ rẹ̀ sì kà á síta lójú tọmọdé tàgbà pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ilé yìí. Ìyá Àgbà ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní Bàbá Àjàyí fi aṣọ bojú. Ó ní ẹ dìde, ẹ gbọn ẹ̀wù yín, ẹ kí gbogbo wọn kú ìjókòó, ẹ sì gba ọ̀nà oko lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n fi Bàbá Àjàyí jẹ olórí, kò sì sí ẹni tó jó.

Ẹ ò padà wá gbé nínú ilé mọ́. Mo wá kí yín ní ahéré nígbà ìsinmi tó tẹ̀lé e, n kò sì lè wo ojú yín. Èmi nìkan lẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Mo mọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé mo mọ̀. Mo ń retí kí ẹ gbá mi létí. Mo fẹ́ kí ẹ gbá mi létí. Ẹ bi mí bóyá ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa, bóyá oúnjẹ wọn níbẹ̀ ń yó mi, ẹ sì di iṣu méje pé kí n gbé e fún olùkọ́ mi. Háà, Bàbá! Mo gbé iṣu náà lọ fún un. Kí ló dé tí n kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà? Kí ló dé tí ẹnu mi tó mú bí abẹ ṣe wá dí? Ọyẹ́ ọdún náà ló mú yín lọ, ìdánwò ni mo ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ fún mi. Oko ni wọ́n sin yín sí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí wọ́n sin yín síbẹ̀, kí wọ́n má baà jiyàn lórí òkú yín nínú ilé.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ náà, Òkè-Ọ̀pin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, mo lọ bá Bàbá Àjàyí, mo dojú bolẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ní kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ní láti ìgbà tí ẹ ti lọ, òun ò rí ẹni bá òun ṣe àáró mọ́, òun nìkan ni òun ń ro oko òun. Ó wá ní kí n gbé ọmọ wálé ní ọjọ́ kẹsàn-án, pé ilé tó gba baba ńlá rẹ̀, ta ni yóò ní kó má gba ọmọ náà? Ó sunkún. Èmi náà sunkún.

Láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn pé. Omi, iyọ̀, oyin, obì, kò sí èyí tó yẹ̀. Bàbá Àjàyí ló gbé ọmọ sókè tó pè é ní Babátúndé, gbogbo ilé sì pè é bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Ìgbà náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bóyá iyọ̀ ni, n kò mọ̀. Ìyá Àgbà gbà á, ó gbé e lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ilé rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, bí ó ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tí a bí nínú agbo ilé wa. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ baba tó tẹ ilé dó, ó sì dákẹ́. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ó wo Bàbá Àjàyí, Bàbá Àjàyí wo ilẹ̀. Kò sí ìkà lójú Ìyá Àgbà, Bàbá, ìdààmú ni. Ohun tí wọ́n ti kà síta lójú gbogbo ayé, báwo ni yóò ṣe ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ? Ó yíjú sí mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé kí ni oríkì ibi tí baba ńlá ọmọ yìí ti wá.

Èmi tí mo béèrè ogójì ìbéèrè! Mo bi yín léèrè oko, mo bi yín léèrè ogún, mo bi yín léèrè ẹni tó fún wa nílẹ̀. Ẹ ní ìlú náà ti di ahoro, mo kọ “ahoro,” mo sì ṣí ojú ìwé kejì. Oríkì kò sí nínú ìbéèrè olùkọ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé bàbá yín fi kí yín rí, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí ẹ ń sunkún?

Mo dorí kodò níwájú gbogbo wọn. Ìyá Àgbà gbé ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀. Ó ṣì ń ké. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò sì sí ẹni tó mọ oríkì tí a ó fi pè é kó lè dákẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bí ó ti ṣe sí yín lọ.