Ojú Ni O Ní O Lọ Tún Ṣe

Thoa, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Mo ti sun tùràrí níwájú àwọn baba ńlá wa, kí wọ́n má gbàgbé ọ̀nà ilé tó ò ń gbé ní Saigon. Odò ti kún dé ẹnu ọ̀nà wa, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń yọ̀, àwa ò yọ̀.

A rí ohun tó o kọ sórí fóònù. O ní o ò lè wá síbi ìrántí ìyá àgbà, pé dókítà fi iná ẹ̀rọ jó ojú ẹ kí àmì dúdú lè kúrò níbẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ rí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́wàá, ò ń fi ìpara pa ojú láàárọ̀ lálẹ́, o ò jẹ ẹran màlúù, o ò jẹ ẹ̀fọ́ etí odò. Thoa! Ta lò ń tàn? Ọmọ mẹ́rin ni mo bí! Ta ló ń sá fún oòrùn, tó ń para, tó ń ṣa oúnjẹ jẹ, bí kì í bá ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Nínú àwòrán tó o fi ránṣẹ́ gan-an, ojú ẹ pọ́n bíi ti ẹni tó rọbí mọ́jú.

Ìyá Bay aládùúgbò wa ní òótọ́ ni, pé àwọn ará Saigon ń sanwó kí wọ́n lè fi iná jó wọn lójú. Mo ní kó gbé ẹnu ẹ̀ sọ́hùn-ún. Èmi tí epo gbígbóná ta sí lójú lọ́jọ́sí, ọ̀fẹ́ ni.

Má bẹ̀rù, mi ò ní bi ọ́ pé ta ni bàbá ọmọ. Mo fi ata ilẹ̀ pupa tí mo rẹ sínú ọtí ìrẹsì ránṣẹ́, fi pa ikùn àti ojú. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n náà wà níbẹ̀, sè é pọ̀ kí omi ọyàn lè wá. Omi tútù tó o ní o fi ń bọ́jú yẹn, jáwọ́ níbẹ̀, òtútù á wọ egungun ẹ. Tí ìpara dókítà bá ṣẹ́ kù, fi ránṣẹ́ sí mi, gìgísẹ̀ mi ti sán.

Bàbá ẹ kọ́kọ́ bínú, kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń hun àwọ̀n tí a ó so kọ́ igi, tí a ó máa fi mi ọmọ sùn, ó sì ń kọrin. Láti ọdún mẹ́ta tó o ti lọ, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Okùn ti fẹ́ tán lọ́wọ́ ẹ̀, jọ̀ọ́, fi owó okùn ránṣẹ́.

Tó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ni Ìyá Bay sọ, tí kò sí ọmọ kankan, ṣáà fi owó okùn náà ránṣẹ́, kó o sì gbé ojú pupa yẹn wálé fúnra ẹ. Èmi ò lè sọ fún bàbá ẹ.

Ojú ẹ á jinná, kò ní lápàá. Ojú ò ní tì ọ́ láéláé.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.