Àmín Tí Mi Ò Ṣe

Ìdànrè, Ọjọ́ Ìsinmi, oṣù Kìíní 1982

Inú ṣì ń bí mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, Wòlíì ní ká gbàdúrà fún Délé ọmọ mi, sójà tí ìjọba rán lọ làjà ogun ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì.

"Kí ìbọn rẹ̀ pa gbogbo ọ̀tá!"

Gbogbo ìjọ ṣàmín. Èmi ò ṣe é.

"Ìyá Délé, ẹ ò ṣàmín?"

"Wòlíì, ọmọ mi lọ làjà ni. Ọ̀tá wo ló ní níbẹ̀? Àwọn tó ń kó ìbọn fún ìhà méjèèjì tó ń jà ńkọ́? Ẹ gbàdúrà kí ọwọ́ wọn rọ!"

Wọ́n ní mo gbéraga. Kí wọ́n máa wí.

Nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń kó kòkó tí mo sá, mo gba àdúrà tèmi sókè: "Délé ò ní pààyàn, ẹnikẹ́ni ò ní pa á!"

Ìyàwó Wòlíì tó ń ti odò bọ̀ sọ omi kalẹ̀, ó ní: "Àmín!"