Ihò Tí Ẹ Fi Táwẹ́ẹ̀lì Dí

Akọ̀wé,

Ẹ má tan Heizung láti fi mú ilé gbóná, bó ti wù kí òtútù mú tó. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀rọ gáàsì wò wá láàárọ̀ yìí, ó sì yọ táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi dí ihò atẹ́gùn balùwẹ̀ nítorí òtútù. Mo sọ fún yín pé ibẹ̀ ni iná gáàsì ti ń mí. Ẹ ní, "Ìyàwó wa, ta ló sọ ọ́ di ẹnjiníà?"

Èéfín gáàsì náà ló ń fọ́ Dúnní lórí láti ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ ní Schule ni kò fẹ́ lọ. Ọkùnrin náà ní ká ní òun fi ọjọ́ kan pẹ́ ni, òkú wa lòun ìbá bá.

Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sórí tábìlì, kí ẹ kúrò ní Hamburg lónìí. Sùrájù ọ̀rẹ́ yín wà ní Berlin.

Mo sin ẹ̀gbọ́n yín lọ́dún tó kọjá, mi ò pariwo. Mi ò ní sin ọmọ rẹ̀.

A ń lọ sílé ìwòsàn. Bí mo ṣe ń wọ bàtà fún un, ó béèrè pé, "Bàbá kékeré mi dà?" Mo ní ẹ ti kó lọ, pé ẹ ò fẹ́ dágbére fún un.