Aṣọ Tí Kò Bá Àkọ́bí Mu: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Aránṣọ

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Màmá, olóògbé tí a péjọ nítorí wọn lónìí, sí ìdílé bàbá kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe àti ìyá kan tí ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ọmọ karùn-ún ni wọ́n nínú ọmọ méje. Abẹ́ tábìlì tí ìyá wọn ń pàtẹ sí ni wọ́n ti kọ́ ìrìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì gbé bọ́tìnnì mì. Ìyá wọn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bọ́tìnnì ẹnu Màmá ni wọ́n gbé mì, ni ẹnu náà kò fi ṣeé dè mọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹbí tọrọ àforíjì. Ìwé yìí fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ atẹ̀wé, ìlà kan ṣoṣo ló sì fà á, ìlà tí a ó ti ka àwọn ọmọ tí Màmá fi sílẹ̀. Àbúrò Bàbá wa ní ọmọ mẹ́ta ni. Àwọn ọmọkùnrin Màmá méjèèjì ní mẹ́rin ni. Àkọ́bí, obìnrin tí gbogbo wa ń wo ojú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Màmá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1958 sí 1964. Ní 1965 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ le bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá yìí kọ́ wọn pé bí oní-aṣọ kò bá sí nítòsí, kí aránṣọ wá ẹni tí ó bá jọ ọ́ ní ọjọ́ orí àti ìdúró, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì gé aṣọ lọ. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn ò sì gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn títí ayé. Ì bá sàn kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 1974 Màmá fẹ́ Bàbá wa, awakọ̀ tí kì í sáré. Ní 1976 wọ́n bí Àkọ́bí. Iṣẹ́ ń dẹnu kọlẹ̀ nílé, ni Bàbá bá kọ́kọ́ rin ìrìn àjò lọ sí ìlú òkèèrè ní 1981, wọ́n sì rí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà níbẹ̀. Màmá tẹ̀lé wọn ní 1983. Ọmọ ọdún méje ni Àkọ́bí nígbà náà, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá Màmá, ni wọ́n fi í sí. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kò ní í pa ẹbí: wọ́n tan ọmọ náà ni. Wọ́n ní kí ó lọ bu omi mímu wá fún ìyá rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi gbé omi dé, ọkọ̀ ti lọ. Ọdún kan péré ni wọ́n dá láti fi ránṣẹ́ mú un. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà ọmọ kò jáde. Ọ́fíìsì kan a ní kí wọ́n lọ sí èkejì, èkejì a ní kí wọ́n padà sí àkọ́kọ́. Ọdún kan di mẹ́wàá.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Ogójì obìnrin ló jókòó ti ẹ̀rọ níbẹ̀, èdè mọ́kànlá ni wọ́n sì ń sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá gbọ́ nínú èdè ìlú náà ni “abẹ́rẹ́ ti kán.” Wọ́n rò pé ìkíni ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń fi kí ọ̀gá láràárọ̀, tí ọ̀gá sì ń sáré mú abẹ́rẹ́ wá.

Obìnrin tí ẹ̀rọ rẹ̀ kángun sí tiwọn ló tún ń gbé ní yàrá tí ó dojú kọ tiwọn nílé. Ìlú mìíràn ni òun náà ti wá, Màmá sì ń pè é ní Ìyá Òdìkejì. Èdè kan ò pa wọ́n pọ̀. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ wọ́n rí nǹkan jà lé lórí, wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ fúnra wọn. Ìyá Òdìkejì ní ọmọbìnrin kan, tí Àkọ́bí fi ọdún kan gbà. Ní ìparí ọdún 1984, Màmá gbé ọmọ yìí dúró lórí àpótí, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fi kún un díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, wọ́n rán aṣọ tó rẹwà, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Àkọ́bí.

Aṣọ dé, kò bá a mu. Ó fẹ̀ léjìká, ó kúrú nísàlẹ̀, nítorí Àkọ́bí ga, ó sì tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò fẹ́ kí ọkàn Màmá, ọmọ wọn, dàrú níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà pé aṣọ bá a mu rẹ́gí, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ti rán an. Inú Màmá dùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gé e lọ lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń kì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Àkọ́bí ń fi pín-ìnnì mú èjìká aṣọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó ń rò pé ìyá òun ti gbàgbé bí òun ṣe rí.

Màmá bí ọmọkùnrin ní 1985, wọ́n tún bí òmíràn ní 1988. Láàárín méjèèjì, ní 1987, àìsàn àyà pa Ìyá Òdìkejì. Kò ní ará níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá láti mú ọmọ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ aláìlóbìí. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ọmọ mi ni.” Ọkùnrin náà wo irun ọmọ tó gùn dé ìdí, ó wo Màmá, ó tún wo ọmọ. Màmá ní, “Ṣé irun lẹ wá kà ni?” Ọdún méjì ni wọ́n fi lọ, tí wọ́n fi bọ̀, kí ìwé ìgbàtọ́ tó jáde.

Ní 1993, Àkọ́bí dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Bí ó ti wọlé, tí ó rí ọmọbìnrin kúkúrú eléjìká gbígbòòrò kan tí ń sáré bọ̀ wá gba ẹrù rẹ̀, ó dúró gbọn-in. Ó ní, “Èjìká tí mo ti ń bá jà láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn.” Ìgbà yẹn ni àṣírí tú. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Àkọ́bí gbà fún wọn nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n kò gbà fún ọmọ náà. Ọmọ Òdìkejì ló ń pè é, bó ti wù kí èkejì kúnlẹ̀ kí ó pè é ní ẹ̀gbọ́n tó.

Ní 1996 Màmá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Gbogbo àdúgbò, onílùú àti àlejò, ló ń kó ṣòkòtò wá síbẹ̀. Ní 2009 àwọn kan fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kí àjèjì máa lọ sílé. Màmá ní, “Ilé wo? Ṣé èyí tí mo ti ń gbá láti ọdún mẹ́tàlá?” Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn tí kì í kí ara wọn lójú pópó ti gbé ìgbálẹ̀ dé, onílé, oníbúrẹ́dì, ọlọ́kọ̀. Àwọn ọmọbìnrin Màmá méjèèjì náà gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan láti ìhín, ọ̀kan láti ọ̀hún.

Olùfọkànsìn ni Màmá. Nínú ìjọ, wọn a máa ṣe àmín kí olùgbàdúrà tó parí gbólóhùn, nítorí pé wọn ò gbọ́ èdè náà délẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ìbùkún kankan fo àwọn. Bàbá ṣáájú wọn lọ ní 2004.

Ní 2021, àrùn rọpárọsẹ̀ dá Màmá dùbúlẹ̀. Ọmọ Òdìkejì ló kó wọlé tọ̀ wọ́n. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Olùkọ́ ni Àkọ́bí ní ìlú mìíràn, Sunday Sunday ló ń wá. Bí ó bá wọlé, èkejì a bọ́ sí ilé ìdáná.

Òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, ní 2023, ni Màmá mí èémí ìkẹyìn, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ọmọ Òdìkejì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ojú wọn dé. Ó pe Àkọ́bí lórí fóònù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Màmá yín ti lọ.”

Màmá yín. Ọ̀sẹ̀ tí Àkọ́bí dé ló ti há èkejì mọ́ ilé ìdáná, tí ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pe ìyá òun ní Màmá níbi tí òun bá wà. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà. Àkọ́bí ti gbàgbé pé òun sọ ọ́. Èkejì kò gbàgbé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pa á mọ́, lórí òkú Màmá gan-an, kò rú u. Ìgbà yẹn ni Àkọ́bí rántí; ó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tú kíláàsì rẹ̀ ká.

Nígbà tí ẹbí tún jókòó lórí ìlà iye ọmọ yìí, Àbúrò Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́, kí a kọ Ọmọ Òdìkejì sí abẹ́ alábàágbé. Ìgbà yẹn ni Àkọ́bí tó la ẹnu. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́, èmi ni. Mi ò yọ ọ́.” Òun fúnra rẹ̀ ló gba bírò.

Ọmọ mẹ́rin ni Màmá fi sáyé lọ: Àkọ́bí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àti ọkùnrin méjì tó tẹ̀lé wọn. Ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti àrọ́mọdọ́mọ kan ń ṣọ̀fọ̀ wọn pẹ̀lú.

Ẹbí bẹ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Bí a bá dé etí ibojì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àkọ́bí ní kí àbúrò òun dúró níwájú gbogbo wa, kí ó ké pe Màmá bí ohùn rẹ̀ bá ṣe lè ròkè tó, iye ìgbà tó bá wù ú.

Ẹ sùn re o, ìyá wọn. Ẹ̀yìn yín á dára.