Ọrùn Kàmọ́rù Kò Gan

Màámi àtàtà,

Ara Kàmọ́rù ti ń yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ọkàn yín lè balẹ̀ níbi tí ẹ wà.

Lóṣù tó kọjá ni àbíkẹ́yìn yín dé láti oko Ilé-Ogbó pẹ̀lú ibà. Orí ń fọ́ ọ débi pé ó ní ká pa fèrèsé dé, ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún wa. Ó gbóná janjan. Bọ̀ọ̀dá Ràsákì, àbúrò yín, bá mi gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń fura sí lọ́rùnlọ́rùn, àìsàn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ. Ó rọra gbé orí Kàmọ́rù títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan àyà. Ọrùn kò gan, orúnkún rẹ̀ kò sì ká sókè. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún nà án, Kàmọ́rù kò ké. Bọ̀ọ̀dá ní, "Alihamudulilai! Ẹ jẹ́ á máa lọlé."

Dókítà mi orí. "Bí ọrùn bá gan, ẹ̀rù á bà wá. Àmọ́ bí kò bá gan, ìyẹn ò ní ká lọ sùn. Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè dá wa lójú."

Bọ̀ọ̀dá yarí pé ẹni tí wọ́n bá fa omi lẹ́yìn rẹ̀ á rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ni àwọn méjèèjì bá ń wojú mi. Màámi, ojú ta ni kí èmi wò? Ẹ̀yin lẹ máa ń dáhùn irú èyí. Ẹ ó kàn tún gèlè wé ni, ọ̀rọ̀ á ti bọ́ lẹ́nu yín. Mo kúnlẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú, mo sì ní kí dókítà fà á.

Omi náà rú bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Bọ̀ọ̀dá rí i, wọ́n jókòó. Dókítà ní lọ́rùnlọ́rùn ni lóòótọ́, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó yè é, àmọ́ etí òsì rẹ̀ ti di. Bí mo bá pè é, ibòmíràn ló máa ń kọjú sí. Bí ó bá ti tètè dé láti oko ńkọ́? Ta ni kí n bi?

Lánàá, ó wá bá mi lẹ́yìn ilé. Ẹ mọ̀ pé ó kéré nígbà tí ẹ jáde láyé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún mi, kí ẹ sọ bí Màámi ṣe rí fún mi."

Mo sún. Mo ń sọ ọ́ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, kò gbójú kúrò lẹ́nu mi.

Èmi tí mi ò yé pè yín,
Àkọ́bí yín.