Gìtá Tí Kò Ní Ihò Níkùn

Ọmọ mi, Olórí-kunkun,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrí bàbá ẹni, mo sì kí ọ kú ìfojúsọ́nà, nítorí mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ bàálù ni o ti ń na ọrùn bí ẹni tó ń retí ìyàwó. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé onílé rẹ ti tún ilẹ̀kùn tó ń ké bí ológbò yẹn ṣe, àbí ó ṣì ń dúró dè mí kí n wá fi òróró sí i lọ́fẹ̀ẹ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹkún pàdé. Ohun tí o rán mi wá rà lókè òkun kò ní bọ́ sómi kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ṣe àmín kó dún, mo ń gbọ́ ọ láti ibí.

Èmi wà ní àlàáfíà. Ẹ̀gbọ́n rẹ, Adájọ́, ń tọ́jú mi, ó sì ń bá mi wí lójoojúmọ́ bí ẹni pé òun ló bí mi. Òkè pátápátá ló ń gbé nínú ilé alájà mẹ́rin, ilé náà sì há débi pé bí mo bá sín ní yàrá, ẹni tó wà ní ilé ìdáná ló ń ṣe mí ní pẹ̀lẹ́. Ìyá rẹ pè láti abúlé lánàá. Ó ní òrùlé yàrá ẹ̀yìn tí mo búra pé kò lè jò ti ń jò, ibi tí èmi máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an ló sì ń jò sí, kò kan ibi tirẹ̀ rárá. Mo ní kó má bínú sí òjò, àárò mi ló ń sọ ọ́.

Adájọ́ ní òun yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, pé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ kí tíì mi tó tutù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yìí, tí mo sì dé fìlà. Bí o kò bá rí ojú mi dáadáa lẹ́yìn ìwé náà, ẹ̀bi ẹni tó yà á ni.

Ó yá, jẹ́ kí n dé orí ohun tí o ti ń fi ojú wá kiri láti òkè lẹ́tà yìí. Gìtá. Mo mọ̀ pé o ti fo ìkíni, o ti fo òrùlé ìyá rẹ. Padà lọ kà á.

O ti kà á? Ó dáa. Mi ò gbàgbé ohun tí o sọ fún mi nígbà tí o sìn mí dé ibi tí mo ti wọ bàálù. O ní ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin òtẹ́ẹ̀lì yẹn sọ pé ẹni tí kò bá ní gìtá oníná tirẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga òun mọ́, pé ọ̀rẹ́ rẹ tó ń yá ọ ní tirẹ̀ ti gbà á padà, àti pé bí o bá dé lọ́wọ́ òfo ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹlòmíràn ni yóò gba àga náà. Mo sì mọ̀ pé gbogbo ohun tí o rí kó jọ ní ilé ìkẹ́rùsí tí o ti ń ka páálí lo kó lé mi lọ́wọ́. Fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọjà náà ni bàbá rẹ wà yìí.

Adájọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ó ní òun kò ní bá mi lọ. Ó ní ìwọ ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, o fẹ́ fi pààrọ̀ ariwo. Ó ní orin kì í ṣe iṣẹ́, àìsàn ni, bó bá yá á lọ. Mo ní kó máa wò mí. Èmi tí mo kan ilẹ̀kùn fún odidi abúlé, ṣé gìtá ni n kò ní mọ̀ ọ́n rà? Ṣebí igi ni. Ó bá fi káàdì ike tí owó rẹ wà nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú fóònù rẹ̀ kan.

Obìnrin kan ń bẹ nínú fóònù náà tó gbọ́ Yorùbá, tó sì gbọ́ èdè tiwọn. Bí o bá sọ̀rọ̀ sí i, yóò tún un sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ. Obìnrin náà ní sùúrù. Ohun tó dùn mí ni pé Adájọ́ kì í kí i, àṣẹ ló kàn máa ń pa fún un. Èmi a máa kí i kí n tó rán an níṣẹ́. Mo kí i kú ìjókòó, mo kí i kú òkùnkùn inú fóònù, mo bi í bóyá ó ti jẹun. Àṣé gbogbo rẹ̀ ló ń tú fún ọmọkùnrin tó ń ta gìtá. Ọmọ náà wo ara rẹ̀ tó wà lórí ìdúró, ó wo ẹ̀yìn bóyá àga wà níbẹ̀, ó ní òun ti jẹun, òun dúpẹ́.

Ilé ìtajà náà gùn bí ilé ẹ̀kọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ rí mi lókèèrè, ó ṣí fúnra rẹ̀, kò sì ké bíi ti onílé rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gìtá ni wọ́n fi ọrùn kọ́ sára ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí aṣọ tí wọ́n sá: pupa, dúdú, ọ̀kan tiẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ẹyin. Ènìyàn á kàn wọlé, á já ọ̀kan, á jókòó, á ta á títí òógùn á fi bọ́, á gbé e kọ́ padà, á sì jáde láì ra nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó máa bú u. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá tọ́ ọbẹ̀ olóúnjẹ wò lẹ́ẹ̀mẹta láì rà, wọn á bá ọ délé.

Ọmọkùnrin tó ń tà á fi yẹtí sí etí kan, irùngbọ̀n rẹ̀ sì balẹ̀ dé àyà, nítorí náà Onírùngbọ̀n ni mo sọ ọ́. Ó já ọ̀kan fún mi. Ó wúwo bí ilẹ̀kùn ilé olówó. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, mo wá ihò rẹ̀ títí, n kò rí i. Gìtá tí mo mọ̀ ní ihò níkùn tí ohùn ń gbà jáde. Mo fi ìka kàn án, kó, kó, kó, bí mo ṣe máa ń kan pákó kí n tó rà á: igi ni láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo fa okùn rẹ̀, ó dún tín-ín bí ẹ̀fọn tó ń ṣàìsàn. Mo ní kí obìnrin inú fóònù bá mi fi ọgbọ́n sọ fún un pé odi ni gìtá rẹ̀, pé ẹni tó ṣe é gbàgbé láti gbẹ́ inú rẹ̀. Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó fi okùn dúdú kan so gìtá mọ́ àpótí kan nílẹ̀, ó tẹ nǹkan, ó ní kí n tún fà á. Ọmọ mi! Bí kì í bá ṣe pé mo di àga mú, ẹ̀yin ọmọ ì bá ti máa jíròrò bí ẹ ṣe máa gbé mi wálé.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wọ orí mi. Mo yọ okùn dúdú náà, gìtá yadi. Mo tì í bọ ibẹ̀ padà, gìtá ké. Mo wá bi ara mi pé níbo gan-an ni ohùn yìí wà? Kò sí lára igi. Inú àpótí ló wà! Kí ló wá dé tí èmi, káfíńtà, yóò fi owó ọmọ mi ra igi? Pákó wà nílé tó ti ń gbẹ láti ìgbà tí o ti ń rá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọn gìtá náà láti orí dé ìdí, mo ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn bébà kan, pé bí mo bá délé n óò gbẹ́ ẹ fúnra mi, n óò sì gbẹ́ ihò tó gbayì sí i níkùn, kí ìwọ kàn so ó mọ́ àpótí. Mo bá ra àpótí.

Má rò pé mo rà á bí òpè. Mo ná an. Onírùngbọ̀n tọ́ka sí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo ní mo ti rí i, pé èmi náà ní iye tèmi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Ó ní wọn kì í ná ọjà níbẹ̀. Mo ní kò burú, mo ṣe bí ẹni ń lọ, kó lè pè mí padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ṣí. Mo dúró, kò pè mí. Ilẹ̀kùn padé. Mo sún ẹsẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀kùn tún ṣí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, èmi àti ilẹ̀kùn, títí òtútù ìta fi kún gbogbo ilé ìtajà, kí ọ̀gá wọn tó ti inú jáde tó gé díẹ̀ kúrò, tí wọ́n tún fi okùn dúdú àti éékánná oníke mẹ́ta ṣe ènì fún mi. Wọ́n ní éékánná yẹn ni wọ́n fi ń ta gìtá. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n ní kí n fi káàdì kan ẹ̀rọ kékeré kan. Mo fi kàn án, ó ké bí ọmọ adìyẹ, Onírùngbọ̀n ní ó ti parí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, n kò rí owó kankan níbẹ̀. Aláàánú ènìyàn ni. Mo ní ọmọ mi kò ní gbàgbé oore náà láéláé.

Mo gbé àpótí gun àtẹ̀gùn dé òkè, mo gbé e kalẹ̀ níwájú Adájọ́ bí ẹni tó gbé ìyàwó wálé. Ó ní gìtá dà. Mo ṣàlàyé, mo sì fi àwòrán hàn án. Ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mo ra ọ̀fun, mo fi ẹnu sílẹ̀ lọ́jà. Ó ní àwọn irin kéékèèké wà lára igi yẹn tó ń bá àpótí sọ̀rọ̀, pé ayùn kò lè gbẹ́ ìyẹn. Mo ní a ó rí i. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bi mí pé Sátidé wo ni ọ̀gá rẹ dá. Mo sọ fún un. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba àyè ní ibi tí wọ́n ti ń gé awò ojú tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ká lọ dá àpótí padà ká gba owó. Mo ní láéláé, ẹrù tó bá ti sùn lọ́dọ̀ mi ti di ará ilé. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ká ṣáà máa lọ. Bí Onírùngbọ̀n ṣe rí mi, kóòtù ló kọ́kọ́ lọ wọ̀. Ó já gìtá àná wá. Adájọ́ ní rárá o, kì í ṣe irú èyí, pé ọwọ́ òsì ni àbúrò òun fi ń ta á.

Ọmọ mi, èmi náà mọ̀ o. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá òun mọ̀ ni. Àbí ìwọ gbàgbé ẹni tó so okùn ìpẹja mọ́ agolo sadíìnì ṣe gìtá fún ọ nígbà tí o kéré, tó sì tún tú gbogbo rẹ̀ tó yí i padà nígbà tó rí i pé òdì lo gbé e sí? Gbogbo ọdún tí Adájọ́ fi ń pè é ní ariwo yìí, ọwọ́ rẹ kò kúrò lójú rẹ̀. Onírùngbọ̀n ní ẹyọ kan ló kù fún ọlọ́wọ́ òsì, èyí tó rí bí ẹyin lókè yẹn. Káàdì tirẹ̀ ni Adájọ́ fi kan ẹ̀rọ. Kò ná an! Mo ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn pé ká ṣáà rìn dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, Onírùngbọ̀n ti ń di bọ́tìnnì ọrùn.

Lọ́sàn-án àná, Adájọ́ wà ní balùwẹ̀, mo ní kí n dán ẹrù rẹ wò. O mọ̀ pé n kò mọ gìtá ta, ṣùgbọ́n gìtá náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fà á, àpótí ké, fèrèsé gbọ̀n. Kò pẹ́ tí ẹnìkan nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu àjà rẹ̀, gbì, gbì, gbì. Inú mi dùn. Mo yára, ó yára. Mo le, ó le. N kò rí onílù tó ní agbára báyẹn rí. Nígbà tó yá, ó gun òkè wá pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo dì mọ́ ọn. Obìnrin inú fóònù ní ọkùnrin náà ní oníbúrẹ́dì lòun, òru lòun fi ń ṣiṣẹ́, òun fẹ́ sùn. Mo ní ṣé ìyẹn náà ló le? Kó wọlé, bẹ́ẹ̀dì wà, kó sùn, èmi á máa fi gìtá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó wo fóònù, ó wò mí, ẹ̀rín sì borí ìbínú rẹ̀.

Adájọ́ sáré jáde tòun ti ọṣẹ létí, ó ń fi èdè wọn bẹ̀ ẹ́. Oníbúrẹ́dì bi í pé ta ló ni gìtá náà. Mo rò pé Adájọ́ yóò sọ pé ti ọmọ kan tó ń ka páálí ni. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé n kò tíì pa fóònù. Obìnrin inú rẹ̀ ń tú ohun tó ń sọ fún mi lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní àbúrò òun ló ni ín. Ó ní olórin ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo ní kó lọ sinmi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni n óò gúnlẹ̀, gìtá rẹ wà nínú aṣọ òtútù ẹ̀gbọ́n rẹ tó fi wé e. Ní Sátidé, jókòó sórí àga yẹn kí ìdí rẹ kún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo nílò ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, torí èmi ni n óò jókòó níwájú pátápátá ní òtẹ́ẹ̀lì náà, ìyá rẹ sì nílò páànù kí òjò tó gbé bẹ́ẹ̀dì mi lọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ pé kò sówó. Ṣùgbọ́n rántí pé gìtá rẹ kò tíì ní ihò níkùn, ó sì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó. Irinṣẹ́ mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí òjò ń jò sí yẹn, wọ́n sì mú. Bí o bá fẹ́ kó wà bó ṣe wà, tètè pàdé mi ní ibi tí bàálù ń bà sí, kí owó wà lọ́wọ́ rẹ, kí n tó rí ọkọ̀ abúlé wọ̀.

Ọwọ́ òsì rẹ kò ní rọ. Àga kò ní yẹ̀ nídìí rẹ. Bí ayé bá yọ okùn rẹ kí o lè yadi, Ọlọ́run yóò tì í bọ ibẹ̀ padà, ohùn rẹ yóò sì mi fèrèsé.

Èmi ni bàbá rẹ, tó fá irùngbọ̀n nítorí rẹ.